Ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ nínú pápá ní tòótọ́: ibo la ti ń rí i ní Èkìtì, báwo la sì ṣe ń dá a mọ̀?

Ìbéèrè: "Adó-Èkìtì là ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ẹyin tí wọ́n ní adìẹ orí koríko ló yé e, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti agíríìkì. Pupa inú rẹ̀ ń dán bí epo. Màmá kan ládùúgbò wa náà ń sin adìẹ tó ń rìn káàkiri, ó máa ń tà fún wa, àmọ́ pupa ẹyin tiwọn kò pọ́n rárá. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Èwo ni kí n máa rà nínú méjèèjì, báwo ni mo sì ṣe lè dá ojúlówó mọ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kí ẹ tó yan ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ojú kúrò lára pupa ẹyin ná. Òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi tan ènìyàn jẹ. Ohun tí adìẹ bá jẹ ló ń mú pupa ẹyin pọ́n: ewé tútù, àgbàdo pupa, ata gbígbẹ. Adìẹ tí kò kúrò nínú kéèjì láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí yé lè yé ẹyin tí pupa rẹ̀ ń dán gbinrin, bí wọ́n bá ti po èròjà àwọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Àwọn kan ń fi òdòdó marigold tàbí ata ṣe èròjà yìí, ilé iṣẹ́ sì ń ṣe òmíràn. Adìẹ mìíràn wà tó ń jẹ̀ kiri lóòótọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé èérí ògì, èèpo ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo funfun ni wọ́n ń dà sílẹ̀ fún un. Kò sí àwọ̀ nínú ìwọ̀nyí tí yóò fún ẹyin, nítorí náà pupa tirẹ̀ á ṣì funfun díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ màmá àdúgbò yín nìyẹn.

Pupa ẹyin kan kò gbà ju nǹkan bí ọjọ́ 10 lọ kó tó gbó nínú adìẹ. Bí oúnjẹ bá yí padà lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọ̀ ẹyin á ti yí tẹ̀lé e. Nígbà ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ láti Ìkọ̀lé dé Ìlawẹ̀, ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ kò lè pọ́n bíi ti oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀. Bí ẹyin ṣọ́ọ̀bù yẹn bá rí bákan náà gẹ́lẹ́ ní oṣù kìíní àti oṣù keje, inú àpò oúnjẹ ni àwọ̀ yẹn ti ń wá, kì í ṣe inú pápá. Ti èèpo tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìran adìẹ ló ń pinnu bóyá èèpo á funfun tàbí á pọ́n, koríko kò lọ́wọ́ sí i.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹyin lè sọ fún yín nínú ilé ìdáná. Ẹ fọ́ mẹ́fà láti inú kíréètì kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwo funfun pẹrẹsẹ, kí ẹ sì tan iná fóònù sí i. Lójú pupa kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àmì funfun kékeré kan. Bí àkùkọ kò bá gun adìẹ náà, àmì yẹn á dì pọ̀ sójú kan, etí rẹ̀ á rí jákujàku, kò sì ní fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Bí àkùkọ bá ti gùn ún, àmì náà á fẹ̀ tó bíi mìlímítà 4, á rí róbótó bí òrùka, àárín rẹ̀ á mọ́, etí rẹ̀ á sì funfun. Bí olùtà bá ní àkùkọ àti abo jọ ń jẹ̀ lóko òun, tí ẹ sì fọ́ mẹ́fà tí òrùka kò sí lójú ẹyọ kan, irọ́ ti wà níbì kan. Àmọ́ ẹ má gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Àkùkọ lè wà pẹ̀lú abo nínú ilé tí wọ́n tì pa, olóko pápá gidi sì lè má sin àkùkọ rárá. Òrùka ń sọ̀rọ̀ nípa àkùkọ nìkan, kò sọ ohunkóhun nípa koríko.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn olùtà máa ń dà pọ̀ mọ́ra, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀: ìran adìẹ, àti bí wọ́n ṣe ń sìn ín. Adìẹ ìbílẹ̀ lè wà nínú àhámọ́. Adìẹ agíríìkì, irú Isa Brown tàbí Nera Black, lè máa jẹ̀ nínú pápá láti àárọ̀ títí adìẹ fi ń wọ̀, ẹyin rẹ̀ á sì jẹ́ ẹyin pápá láìsí àríyànjiyàn. Ìran tí wọ́n ń pè ní Noiler náà wà láàárín ìbílẹ̀ àti agíríìkì, àti FUNAAB Alpha tí wọ́n mú jáde ní Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń sin irú wọn báyìí tí wọ́n sì ń pe ẹyin wọn ní ìbílẹ̀. Nítorí náà, "ṣé ìbílẹ̀ ni?" kì í ṣe ìbéèrè tó máa ràn yín lọ́wọ́. "Níbo ni wọ́n ti ń jẹ̀?" ni kí ẹ bi wọ́n.

Bó bá wá jẹ́ pé ìbílẹ̀ gan-an lẹ fẹ́, òṣùwọ̀n ilé ìdáná máa ń tú àṣírí. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 35 sí 40 lọ, nígbà tí ti agíríìkì tó ti dàgbà wà láàárín 55 sí 65. Ẹ kó mẹ́wàá lé òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà: 350 sí 400 ni ẹ̀ ń retí. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù níbí ni ẹyin agíríìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yé. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹyin rẹ̀ máa ń kéré, wọ́n á sì ṣà á sọ́tọ̀, wọ́n á pè é ní ìbílẹ̀, wọ́n á gbówó lé e. Ẹ wo kíréètì náà dáadáa. Bí gbogbo 30 bá pọ́n bákan náà, tí wọ́n rí bákan náà bí ìgbà tí a fi àpẹẹrẹ kan gé wọn, inú agbo adìẹ kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹyin ìbílẹ̀ tí wọ́n kó jọ láti ilé mẹ́rin máa ń rí ségesège: èyí funfun, èyí rí bí wàrà, èyí pọ́n díẹ̀, ọ̀kan gùn, ọ̀kan rí róbótó. Ẹ ṣọ́ra fún ẹyin awó náà. Ó kéré, orí rẹ̀ ṣóńṣó, èèpo rẹ̀ sì le débi pé ẹ ó mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ́ ọ. Ẹyin gidi ni, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe ẹyin adìẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe ìṣirò. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kì í sábà yé ju 40 sí 60 lọ́dún, nítorí yóò yé bíi 8 sí 12, yóò sàba, yóò tọ́ òròmọdìẹ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń ta kíréètì 20 lọ́sẹ̀, ẹyin 600 nìyẹn, 31,200 lọ́dún. Kí ìbílẹ̀ tó lè yé e, àgbébọ̀ 520 ló gbọ́dọ̀ wà níbì kan, kí gbogbo wọn sì máa yé 60 láìsí èyí tí àṣá gbé. Níbo ni ilẹ̀ wọn wà? Bí wọ́n bá ní agíríìkì tó ń jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ lè bá ọ̀rọ̀ mu, nítorí ọ̀kan lè yé tó 240 lọ́dún; 130 nínú wọn á tó. Ẹ jẹ́ kí olùtà dá yín lóhùn, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́ jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára kíréètì ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà ni. Ilẹ̀ ló mọ ibi tí adìẹ dé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí Certified Humane kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "pasture-raised" síbẹ̀ àfi bí adìẹ 1,000 bá ní éékà 2 ààbọ̀, tí wọ́n sì ń ṣí wọn nípò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìyẹn ni pé adìẹ kan ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tó sì gùn tó nǹkan bí 11. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, mítà 2 níbùú àti 2 lóòró ni wọ́n béèrè fún adìẹ kan kí ẹyin rẹ̀ tó lè jẹ́ ti adìẹ tó ń jáde. Bí a bá mú ìwọ̀n àkọ́kọ́ wálé, pulọ́ọ̀tì kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60 tó sì gùn tó 120 kò gbà ju adìẹ 66 lọ. Ẹni tó bá kó 500 sórí pulọ́ọ̀tì kan, ọgbà ló fi yí wọn ká, kì í ṣe pápá.

Ẹ lọ wo oko náà fúnra yín. Ìyìn, Ìkẹ́rẹ́, Ìgèdè, kò sí èyí tó jìnnà sí Adó nínú wọn. Ẹ má lọ lọ́sàn-án gangan, nítorí adìẹ máa ń sá sábẹ́ ibòji nígbà tí oòrùn bá mú, ẹ ó sì rò pé wọn kì í jáde. Ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago 7 àárọ̀, tàbí aago 5 ìrọ̀lẹ́, kí adìẹ tó wọ̀. Iwájú ẹnu ọ̀nà ilé wọn á ti gbá pẹrẹsẹ, kò sí koríko níbẹ̀. Ìyẹn kò burú, ibi gbogbo ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rìn kọjá ibẹ̀. Ẹ ka ìgbésẹ̀ 20, ẹ ka 30, kí ẹ wá wo ilẹ̀. Ṣé imí adìẹ wà níbẹ̀? Ṣé ìyẹ́ wà? Ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ha ewé gbígbẹ sọ́tùn-ún sósì láti wá ikán, àti kòtò kéékèèké tí wọ́n ti ń fi eruku wẹ̀? Ṣé wọ́n ti ṣá ewé tẹ̀tẹ̀ jẹ, tó wá ku igi rẹ̀ nìkan? Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá wà, adìẹ ń dé ibẹ̀ nìyẹn. Bí koríko bá tutù yọ̀yọ̀ tó ga dé orúnkún, tí ohunkóhun kò fọwọ́ kàn án, ilẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, adìẹ kì í lọ síbẹ̀.

Ìdí tí wọn kì í fi í lọ ni pé ẹ̀rù àṣá ń bà wọ́n. Inú igbó ilẹ̀ Éṣíà ni ìran adìẹ ti wá, abẹ́ igi ni ọkàn wọn sì ti máa ń balẹ̀. Pápá tí kò ní igi kan ṣoṣo dára lójú àwa ènìyàn, adìẹ ò ní fẹ́ rìn ín. Oko tí wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀pẹ sí káàkiri inú pápá, tàbí tí adìẹ ti ń jẹ̀ lábẹ́ kòkó, ló sábà máa ń jẹ́ ojúlówó. Bó bá jẹ́ abẹ́ kòkó ni, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fín in gbẹ̀yìn, àti ibi tí adìẹ wà lọ́jọ́ náà àti fún ọjọ́ mélòó lẹ́yìn rẹ̀. Òògùn kòkó àti òògùn apakoríko kì í ṣe ohun tí adìẹ ń ṣá mọ́ oúnjẹ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni adìẹ yìí wà lóṣù tó kọjá?" Olóko pápá gidi á na ọwọ́ síbì kan lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì rí i pé koríko ti ń sọ jáde níbẹ̀ padà. Ó ti pín ilẹ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, adìẹ á lo bí ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀kan, ilẹ̀ náà á sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá ṣí wọn nípò, láàárín oṣù díẹ̀ ilẹ̀ á di eruku lẹ́ẹ̀rùn, á di ẹrẹ̀ lójò, aràn á sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí aràn bá pọ̀, òògùn á pọ̀. Bí òògùn bá pọ̀, ẹyin tí ẹ̀ ń rà torí ọmọ ti kúrò ní ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́.

Bí wọ́n bá gbà fún yín láti gbé adìẹ kan, ẹ wo èékánná rẹ̀. Ti adìẹ tó ń ha ilẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń kúrú, ilẹ̀ á ti jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ti inú kéèjì máa ń gùn, á sì máa ká kò. Ẹ wo ẹnu náà. Ẹnu tí wọ́n ti gé túmọ̀ sí pé inú oko ńlá ló ti dàgbà. Ìyẹn nìkan kò sọ olóko di onírọ́, ó kàn lè jẹ́ pé ìgbà tó kù díẹ̀ kó máa yé ni ó rà á. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n gé kò lè ṣá koríko dáadáa.

Ẹ béèrè oúnjẹ náà, kí ẹ sì gba òótọ́ bí wọ́n bá sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ pé koríko àti kòkòrò nìkan ni agíríìkì òun ń jẹ, tó sì ń kó kíréètì wá lójoojúmọ́, kò sọ òótọ́. Àgbébọ̀ agíríìkì tó ń yé ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, koríko kò sì lè dí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Adìẹ 66 á jẹ tó kílò 7 ààbọ̀ lójoojúmọ́; àpò kílò 25 kan kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Olóko tó sọ fún yín tààrà pé, "Mo ń ra fíìdì, mo sì ń da èèpo ìgbín lílọ̀ mọ́ ọn kí èèpo ẹyin lè le," ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fọkàn tán an ju ẹni tó ń fi "ọgànìkì" dá yín lóhùn gbogbo ìbéèrè lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, òògùn. Lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle, máa ń pa adìẹ ìbílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́, àjẹsára rẹ̀ sì wà, èyí tí wọ́n ń po mọ́ omi mímu àti èyí tí wọ́n ń kán sójú adìẹ. Ẹni tó ń fún adìẹ rẹ̀ ní àjẹsára kò ṣe ohun tó burú sí ẹyin yín, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) ló yẹ kí ẹ béèrè: ọjọ́ wo ni wọ́n lò ó kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì fi ẹyin ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe? Iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin máa ń wà lára ìwé tó bá òògùn náà wá. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń pa iná ara adìẹ pẹ̀lú. Àwọn kan ń da òògùn ẹ̀fọn àti ti aáyán lé adìẹ lórí. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ra ẹyin.

Ó wá ku màmá àdúgbò yín. Adìẹ wọn ń rìn, kò sí àní-àní, àmọ́ rírìn nìkan kọ́ ni pápá. Ibi tí wọ́n ń rìn sí ló ṣe pàtàkì. Adìẹ tó ń ha ilẹ̀ ń gbé ilẹ̀ náà mì mọ́ oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ààtàn tí wọ́n ti ń jó nylon, táyà àti wáyà ni, májèlé dioxin tó wà nínú eérú á bá ọ̀rá inú pupa ẹyin gbé. Ẹyin adìẹ tó jẹ̀ nítòsí Agbogbloshie ní Accra, ní Ghana, nígbà tí wọ́n ṣì ń jó àwọn ẹ̀rọ àlòkù níbẹ̀, ti fi èyí hàn kedere. Bó bá jẹ́ ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń tún bátìrì mọ́tò ṣe ni, òjé ni ẹ máa bá nínú ẹyin. Ọmọdé ni nǹkan wọ̀nyí ń ṣe ní ìjàǹbá jù. Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé adìẹ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ń lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, etí oko ẹ̀fọ́, ẹ máa ra ti màmá, ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, bí pupa rẹ̀ tilẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Bó bá jẹ́ ààtàn tí wọ́n ń jó ni, ẹ má rà á fún ọmọ, títí wọn ó fi rí ibòmíràn fi wọ́n sí.

Bí ibi tí wọ́n ń jẹ̀ bá dáa, ẹ bá màmá ṣe àdéhùn. Ẹ̀yin márùn-ún nínú ilé, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ méjì lọ́sẹ̀, 520 lọ́dún nìyẹn. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ bíi 10 ló lè yé e. Àfàìmọ̀ kí ti màmá tó, torí náà ẹ wá ilé kan tàbí méjì mọ́ wọn, ní abúlé tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ti ilé wọn wá sí ọjà. Ẹ ṣáà máa béèrè orúkọ abúlé tó ti wá. Lẹ́yìn ọyẹ́, ó máa ń wọ́n, ẹ má fipá wá a.

Ìṣòro tó wà lára ẹyin ìbílẹ̀ ni pé ẹ kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàdédé rí ìtẹ́ tí ẹyin 12 wà nínú rẹ̀ nínú igbó, kò mọ èyí tó jẹ́ ti àná. Adìẹ sì lè ti sàba lé e. Ẹ ní kí màmá máa kó o ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì fi èédú sàmì sára ẹyọ kan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nídìí ìtẹ́ kí àgbébọ̀ má baà kọ ibẹ̀, kí ẹyọ náà má baà bọ́ sínú èyí tí wọ́n ń tà. Nílé, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ fi ìdí ẹyin tó tẹ́jú lé tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tó tàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, adìẹ ti sàba lé e fún bí ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán. Bí ẹ bá fi sínú omi, tuntun á dùbúlẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ á nàró, èyí tó bá léfòó, ẹ jù ú nù.

Ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára èèpo tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé, omi ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ gbé ìdí títẹ́jú sókè, kí ẹ sì fi sínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná, ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí ẹyin tí àkùkọ ti lọ́wọ́ sí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yí padà nínú ooru bí kò tilẹ̀ sí adìẹ lórí rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ju ẹyin lọ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sè é títí pupa náà á fi le fún àwọn ọmọ.